Àgbájọ Díìsìkì àti Ìkánjú Ọmọ Ènìyàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta, David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz, ti Yunifásítì California ní Berkeley, gbé kalẹ̀ ní ọdún 1988, nígbà tí wọ́n kọ àpilẹ̀kọ kan lórí bí díìsìkì kéékèèké tí owó wọn kò pọ̀ ṣe lè para pọ̀ ṣe iṣẹ́ díìsìkì ńlá kan ṣoṣo. Orúkọ tí wọ́n fún àgbájọ náà ni RAID. Láti ìgbà náà ni ó ti di ohun tí ilé-iṣẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìkàwé ń lò káàkiri ayé láti tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n àgbájọ ní apá kejì tí wọn kì í sábà fi kọ́ ọmọ. Bí ọwọ́ kan bá rọ láàárín àgbájọ, kí ni ó yẹ kí àwọn ọwọ́ tó kù ṣe? Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ gan-an nìyẹn. Díìsìkì tó kú kì í sábà pa àkọsílẹ̀ run tó ọwọ́ gbígbóná ẹni tó fẹ́ tún un ṣe. Ó sì yẹ kí olùkọ́ èdè Yorùbá àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mọ èyí dájú, nítorí inú díìsìkì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní ogún èdè wà báyìí.

Ẹni tó bá dé ọjà Mile 12 ní kùtùkùtù òwúrọ̀, nígbà tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù bá ń já tòmátò àti ata tó ti Òkè Ọya wá, yóò rí ẹ̀kọ́ yìí láìsí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀. Ìyá aláta tó bá ṣí apẹ̀rẹ̀ kan, tó sì rí i pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ti rà, kì í gbọn apẹ̀rẹ̀ náà jìgìjìgì. Kì í da omi sí i, bẹ́ẹ̀ ni kì í kó ẹrù mìíràn lé e lórí. Yóò kọ́kọ́ tẹ́ àpò sílẹ̀, yóò fara balẹ̀ ṣa èyí tó dára sí ẹ̀gbẹ́ kan, lẹ́yìn náà ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ronú ohun tí yóò fi èyí tó bàjẹ́ ṣe. Ó mọ̀ pé èyí tó ti rà ti rà ná. Èyí tó ṣì dára ni ìkánjú lè bà jẹ́.

Ẹ wo yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Mile 12, Kétu tàbí Ìkòsí. Kò dìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá tóbi kí ẹrù ibẹ̀ tó wúwo. Máàkì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti sáà dé sáà wà níbẹ̀, títí kan máàkì ìdánwò inú kíláàsì tí wọn yóò fi ránṣẹ́ sí àjọ WAEC. Ìbéèrè ìdánwò ọdún púpọ̀ wà níbẹ̀. Níbi tí olùkọ́ Yorùbá bá ti jẹ́ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn, ohùn àwọn àgbàlagbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbà sílẹ̀ yóò wà níbẹ̀ pẹ̀lú: oríkì ìdílé, ẹkún ìyàwó, ìjálá, àlọ́ tí ìyá àgbà kan pa kó tó di pé ó re ibi àgbà ń rè. Máàkì tó sọnù ṣeé tún wá láti inú ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyà ni. Ohùn olóògbé kò ṣeé tún gbà sílẹ̀.

Iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀ sì wà níbẹ̀ láti dán gbogbo rẹ̀ wò. Díìsìkì tí iná já mọ́ lẹ́nu iṣẹ́ lè kọ ìdajì ohun tó yẹ kó kọ. Ooru, eruku àti ọjọ́ orí á sì parí ìyókù. Nítorí náà, kì í ṣe bóyá díìsìkì yóò kú ni ìbéèrè. Ìgbà tí yóò kú ni.

Kí ọ̀rọ̀ lè yé akẹ́kọ̀ọ́, ó dára kí wọ́n fi ìṣirò ṣàlàyé bí àgbájọ ṣe ń ṣiṣẹ́. Oríṣi kan wà, RAID 1, tó jẹ́ pé ohun kan náà ni díìsìkì méjì ń kọ, bí ìbejì tó wọ aṣọ kan náà. Oríṣi mìíràn wà, RAID 5, tó gba díìsìkì mẹ́ta ó kéré tán. Ká sọ pé olùkọ́ kan ní ìwé mẹ́ta. Ó kọ 14 sínú ìwé kìíní, ó kọ 9 sínú ìwé kejì, ó sì kọ àpapọ̀ wọn, 23, sínú ìwé kẹta. Bí ìwé kejì bá sọnù, yóò yọ 14 kúrò nínú 23, yóò sì rí 9 rẹ̀ padà. Kọ̀ǹpútà kì í ro nǹkan pọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an. Ìṣirò òdo àti ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní XOR ni ó ń lò, ó sì ń pín àpapọ̀ náà káàkiri gbogbo díìsìkì dípò kó kó o sí ojú kan. Ṣùgbọ́n òye ibẹ̀ kan náà ni. RAID 5 lè fara da ikú díìsìkì kan. RAID 6 lè fara da ikú méjì. RAID 0 kò lè fara da ikú kankan, nítorí kò ní àpapọ̀ kankan nípamọ́.

Nínú ìṣirò kékeré yìí ni gbogbo ewu tó wà nínú àtúnṣe fara pamọ́ sí. Bí ìwé kejì bá ti sọnù, tí ẹnì kan sì fi ìkánjú kọ 41 sínú ìwé kìíní dípò 14, iye 9 kò ní padà wá mọ́ láéláé. Irọ́ ni ìyọkúrò yóò bí, irọ́ náà yóò sì jọ òótọ́ lójú ẹni tí kò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin àkọ́kọ́ fi jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo: bí díìsìkì kan bá ti kú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ ohunkóhun sí èyí tó kù.

Ní orí ètò Linux, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe àkóso irú àgbájọ yìí ni mdadm, tí Neil Brown, ọmọ ilẹ̀ Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ní ọdún 2001. Irinṣẹ́ tó dára ni, ṣùgbọ́n kì í bi ẹni tó ń pàṣẹ léèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Àṣẹ méjì ni àwọn tó ń kánjú sábà máa ń sáré sí. Èkíní ni --create, nítorí wọ́n rò pé bí wọ́n bá tún àgbájọ náà dá, gbogbo nǹkan yóò padà sí ipò rẹ̀. Àṣẹ yìí yóò kọ ìwé ẹ̀rí tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Bí wọ́n bá ṣi ètò díìsìkì tò, tí wọ́n fi ìkejì ṣe ìkẹta, tàbí tí ìwọ̀n tí irinṣẹ́ náà ń lò lónìí bá yàtọ̀ sí èyí tó lò lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá àgbájọ náà sílẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò àpapọ̀ tuntun lórí ìtò tí kò tọ̀nà, yóò sì máa kọ ọ́ mọ́lẹ̀. Èkejì ni fsck, tó ń tún ètò fáìlì ṣe. Bí àgbájọ kò bá tíì tò bó ṣe yẹ, ohun tó dára ni fsck yóò rí bí ohun tó bàjẹ́, yóò sì máa pa á rẹ́ bí ẹni ń ṣoore.

Ọ̀nà tó tọ́ kò yá, ṣùgbọ́n kò le. Àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró. Kí wọ́n má máa pa kọ̀ǹpútà kí wọ́n tún máa tan án, bóyá yóò gbọ́. Bí díìsìkì kan bá ń dún kọ́-kọ́-kọ́, kí wọ́n yọ iná kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Iṣẹ́ àwọn tó ní yàrá tí eruku kò lè wọ̀ ni, kì í ṣe iṣẹ́ orí tábìlì.

Èkejì, kí wọ́n mú bírò àti ìwé. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà tó wà lára díìsìkì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ àti ojú ibi tí wọ́n ti yọ ọ́. Kí wọ́n wo /proc/mdstat, kí wọ́n fi àṣẹ mdadm --examine wo ìwé ẹ̀rí tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì tọ́jú èsì náà sí ibòmíràn. Àṣẹ yìí kàn ń kàwé ni, kì í kọ nǹkan kan. Ìwé ẹ̀rí náà yóò sọ àgbájọ tí díìsìkì náà ti wá, ipò tó wà, àti nọ́ńbà kan tó ń lọ sókè bí ìyípadà bá ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí àgbájọ náà. Nọ́ńbà yìí ló ń sọ ẹni tó kọ́kọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́. Ó dà bí ìwé ìwọlé ọmọ kíláàsì: ọmọ tí orúkọ rẹ̀ ti dẹ́kun láti ọ̀sẹ̀ keje kò lè jẹ́rìí sí ohun tí olùkọ́ kọ́ wọn ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n yẹ wáyà àti àpótí iná wò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò dà bí ẹni pé díìsìkì méjì ti kú lẹ́ẹ̀kan náà, tí àyà ènìyàn yóò sì já, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀kan ṣoṣo ló kú, wáyà èkejì kàn tú díẹ̀ ni. Àṣẹ smartctl á sọ bí ara díìsìkì kọ̀ọ̀kan ṣe rí.

Ẹ̀kẹrin ni ọkàn gbogbo iṣẹ́ náà: kí wọ́n da díìsìkì kọ̀ọ̀kan kọ sórí òmíràn tó tóbi tó o tàbí tó tóbi jù ú lọ. Irinṣẹ́ GNU ddrescue dára fún èyí. Yóò kọ́kọ́ kó ibi tó rọrùn láti kà, yóò fi ibi tó le sílẹ̀ di ẹ̀yìn, yóò sì máa kọ ibi tó dé sínú fáìlì kan, tó fi jẹ́ pé bí iná bá lọ, yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Láti ìgbà yìí lọ, orí ẹ̀dà ni kí wọ́n ti máa ṣiṣẹ́. Kí wọ́n gbé díìsìkì àkọ́kọ́ pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá ṣe àṣìṣe, ẹ̀dà ni yóò bàjẹ́, wọn yóò sì tún òmíràn dà kọ.

Ẹ̀karùn-ún, kí wọ́n to àwọn ẹ̀dà náà jọ pẹ̀lú --assemble àti --readonly. Bí kò bá gbà nítorí pé nọ́ńbà wọn yàtọ̀ díẹ̀, wọ́n lè lo --force, ṣùgbọ́n àwọn tí nọ́ńbà wọn sún mọ́ra jù lọ nìkan ni kí wọ́n tò. Díìsìkì tó ti jáde láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀. Nígbà tí fáìlì bá hàn, kí wọ́n ṣí i fún kíkà nìkan, kí wọ́n sì kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tó ṣe pàtàkì jáde. Ìgbà náà ni wọ́n tó lè wá ra díìsìkì tuntun tí wọn yóò fi rọ́pò èyí tó kú. Àwọn tó ń kánjú máa ń fi díìsìkì tuntun ṣe àkọ́kọ́. Wọn kò rántí pé láti tún un kọ, kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ ka gbogbo díìsìkì àtijọ́ láti òpin dé òpin. Àwọn wọ̀nyí àti èyí tó kú sì sábà jẹ́ ẹgbẹ́ kan náà, tí wọ́n rà lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó ti rẹ̀ kọ́ ni wọ́n ń gbé ẹrù tuntun lé lórí.

Bí ẹnì kan bá rò pé ọ̀rọ̀ àjèjì ni gbogbo èyí, kó rántí ìtàn ìwé kan tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn Yorùbá mọ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, tó jẹ́ pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá, The History of the Yorubas, ní ọdún 1897. Wọ́n fi ìwé àfọwọ́kọ náà ránṣẹ́ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì láti tẹ̀ ẹ́ jáde, kò sì padà wá mọ́. Johnson kú ní ọdún 1901, kò fojú rí ìwé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Oníṣègùn Obadiah Johnson, ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ àti ẹ̀dà tí kò tíì gún tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, tó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ. Nígbà tí wọ́n tún fi èyí ránṣẹ́, ọkọ̀ ojú omi Appam tó gbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì ní ọdún 1916 nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n sì gbé ọkọ̀ náà lọ sí Amẹ́ríkà. Ó tó bí ọdún méjì kí wọ́n tó tún gbúròó ìwé náà. Ọdún 1921 ni ó tó jáde. Obadiah náà ti di olóògbé ní ọdún 1920.

Ohun tó yọ ìwé yẹn nínú ìparun hàn gbangba. Àkọsílẹ̀ àtijọ́ wà ní ibòmíràn, kò bá ẹ̀dà tó dára jù lọ sọnù. Ẹnì kan sì fi sùúrù jókòó tì í. Ká ní Obadiah ti fi ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ìwé ìdáná, tàbí tó kọ èrò tirẹ̀ lé e lórí kó tó kà á tán, kò ní sí ohun tí àwọn olùkọ́ yóò máa tọ́ka sí lónìí. Síbẹ̀, ó yẹ kí òótọ́ kan di mímọ̀: ìwé tó jáde ní 1921 kì í ṣe èyí tí Samuel parí ní 1897 gan-an. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kọ gbẹ̀yìn ti lọ. Àtúnṣe tó dára jù lọ kò tó àìsọnù.

Èyí ló mú kí ìkìlọ̀ kejì ṣe pàtàkì bí ti àkọ́kọ́: àgbájọ díìsìkì kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Nínú àpótí kan náà ni gbogbo díìsìkì àgbájọ ń gbé. Olè tó bá gbé àpótí náà gbé gbogbo wọn. Fáìlì tí ọmọ kan bá ṣèèṣì pa rẹ́ yóò pa rẹ́ lórí gbogbo wọn ní ìṣẹ́jú kan náà. Àwọn ará agbègbè Mile 12 kò sì nílò àlàyé púpọ̀ nípa omi. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, omi Odò Ògùn tó kún, lẹ́yìn tí wọ́n tú omi sílẹ̀ láti ìdídò Ọyán, ya wọ Ajégúnlẹ̀, Agílítì àti àwọn àdúgbò tó yí wọn ká, ó sì lé ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò nílé. Omi kì í ka iye díìsìkì tó wà nínú àpótí.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá náà kò mọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ yìí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2017, òṣìṣẹ́ kan ní ilé-iṣẹ́ GitLab, tó ń ṣiṣẹ́ ní alẹ́ láti tún ìṣòro kan ṣe, pa àkọsílẹ̀ rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tí kò yẹ. Nígbà tí wọ́n wá ẹ̀dà ìpamọ́, wọ́n rí i pé nínú ọ̀nà márùn-ún tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, kò sí èyí tó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ̀dà kan tí ẹnì kan ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní wákàtí 6 ṣáájú ló kó wọn yọ. Wọ́n sọ ìtàn náà fún gbogbo ayé láìfi nǹkan kan pamọ́, èyí sì yẹ wọ́n. Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ni pé ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí wò rí, ìrètí lásán ni.

Àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni èyí, pé ti olùkọ́ Yorùbá ni àkàyé, àṣà àti àròkọ. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ tí kò rí owó ra ṣọ́ọ̀kì kò lè máa ra díìsìkì mẹ́ta mẹ́ta. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ kejì. Ilé-ẹ̀kọ́ tí owó rẹ̀ kò tó kò nílò RAID rárá. Díìsìkì àgbéká méjì ló nílò, kí ọ̀kan wà nílé-ẹ̀kọ́, kí èkejì wà ní ibòmíràn tó jìnnà, kí ẹnì kan sì máa ṣí wọn wò ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan. Èyí sàn ju àgbájọ olówó ńlá tí ẹnikẹ́ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Ní ti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ìtọ́jú ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn baba kò fìgbà kan jẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíràn. Akéwì tó kọ́ ọmọ ní ìjálá kì í kọ́ ọmọ kan ṣoṣo. Ó mọ̀ pé ọmọ lè kú. Babaláwo kì í fi ẹsẹ Ifá sí orí akẹ́kọ̀ọ́ kan, wọ́n sì ń pé jọ kí ẹnì kan lè máa tún ti ẹlòmíràn ṣe. Ọmọ awo tó bá gbàgbé ìlà kan kò gbọdọ̀ hùmọ̀ tirẹ̀ sí i. Yóò dákẹ́, yóò sì lọ bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Òfin pé kí a má kọ nǹkan tuntun sórí ohun tó kù ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí díìsìkì tó dé. Olùkọ́ tó bá fi èyí hàn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ nínú kíláàsì, tó fi ìwé mẹ́ta àti 14, 9 àti 23 ṣe àpẹẹrẹ, ti kọ́ wọn ní àṣà àti kọ̀ǹpútà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Lọ́jọ́ kan, iná yóò já, iná pupa kan yóò sì tàn lára àpótí kan ní yàrá kọ̀ǹpútà. Gbogbo ènìyàn yóò fẹ́ ṣe nǹkan kíákíá, nítorí ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ dà bí ọ̀lẹ lójú ọ̀gá. Ní ọjọ́ náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan wà níbẹ̀ tí yóò sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ da á kọ ná.” Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko bí ojú ẹja.